Bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ṣe jẹ mí ní oṣù mẹ́fà

Mo kọ proposal, ìyẹn ìwé tí mo fi ń tọrọ àkókò lórí tẹlískóòpù kan ní Íńdíà, ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ó ti parí lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í nínú yàrá mi ní South Gate l'Ákùúrẹ́ níbí, owó epo jẹnẹrétọ̀ nìkan tó ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù, ti dátà ò ṣeé sọ, ọjọ́ tí wọ́n máa ṣíwọ́ gbígba ìwé gan-an ni mo wá tẹ bọ́tìnnì ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú mi pé àkókò ti kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀. Aago Íńdíà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, Íńdíà sì fi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ṣáájú wa, aago ara ògiri mi ni èmi ń wò.

Tẹlískóòpù tí mò ń sọ ni GMRT, tẹlískóòpù rédíò ni, díìṣì ló fi ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run, ó wà ní Khodad, kò jìnnà sí ìlú Pune. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n máa ń gba ìwé lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀, ó di oṣù mẹ́fà kó tó rí òmíràn wọ̀. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, ibi yòówù kó o ti wá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí wọ egungun.

Àwọn gálásì (galaxy, agbo àìmọye ìràwọ̀) tí mo fẹ́ wò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ihò dúdú (black hole) tó wà láàárín wọn ò tu nǹkan jáde mọ́, ohun tó ti tú síta tẹ́lẹ̀ ló kù tó ń tutù lọ díẹ̀díẹ̀, bí ààrò tí wọ́n ti yọ igi iná ẹ̀. Frequency rédíò tó bá wálẹ̀ dáadáa ló máa ń fi irú ẹ̀ hàn. MeerKAT, tẹlískóòpù rédíò ti Gúúsù Áfíríkà, ló sún mọ́ wa, díìṣì 64 ló ní, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ kò wálẹ̀ ju 544 MHz lọ, ti GMRT sì wà láti 250 dé 500 MHz níbi tí wọ́n ń pè ní Band 3. Bí mo ṣe mú un nìyẹn.

Ká ṣí account, ká kọ orúkọ, ká to àwọn ohun tá a fẹ́ wò sínú fọ́ọ̀mù, ìyẹn ò le. Ibi tó pa mí lára ni ibi tí wọ́n ní kí n sọ iye wákàtí tí mo fẹ́ àti ìdí ẹ̀. Ariwo ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ariwo shíìì tí rédíò máa ń pa tó o bá yí i sí ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan. Bó o bá ṣe pẹ́ tó lójú kan náà ni ariwo yẹn á ṣe máa dín kù tí gálásì rẹ á fi yọjú. Mo ti ṣírò bí ariwo á ṣe kù tó lẹ́yìn wákàtí méjì, mo rí i pé ó gbọ́dọ̀ dín kù sí ìdajì ìyẹn, mo bá kọ wákàtí mẹ́rin. Ó dá mi lójú bí ikú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣíwọ́ gbígba ìwé yẹn ni ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní Jámánì, tí orúkọ ẹ̀ wà lára ìwé náà pẹ̀lú tèmi, pè mí lórí WhatsApp. "Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò yìí? Square root ni o. Kí ariwo tó di ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin àkókò lo máa lò." Kì í ṣe mẹ́rin mọ́ nìyẹn, ó di mẹ́jọ. Kò tíì tán. Ó ní calibrator ńkọ́, ìyẹn ohun ojú ọ̀run tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n? Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo 3C48 tàbí 3C286 tí gbogbo ayé ti mọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, kí wọ́n sì tún máa padà sí òmíràn tó wà nítòsí gálásì mi lóòrèkóòrè, gbogbo àsìkò tí wọ́n bá fi wo ìyẹn, wọn ò wo tèmi. Ó tún bi mí pé díìṣì mélòó ni mo fi ṣírò. Mo ní gbogbo 30 tó wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ wo ni gbogbo 30 máa ń jọ ṣiṣẹ́, kí n fi 26 ṣe é.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Àmọ́ ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i, kò ṣí i! Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kí ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀gbọ́n mi ni, òun ló sì mọ iṣẹ́. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n" ni mo lè wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo table ṣe, iná lọ, epo tán nínú jẹn, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mo lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ta epo, kí n tó dé kí n tó parí ẹ̀ ó ti di aago méjì. Ẹ ti mọ ìyókù.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé tí mo tún ìwé kọ lẹ́ẹ̀kejì, ìṣirò wákàtí ni mo kọ́kọ́ ṣe kí n tó kọ gbólóhùn kan nípa gálásì. Ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀, torí iye wákàtí ló máa sọ fún yín bóyá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò ṣeé rí rárá. Mo tún lọ wo àwọn gálásì náà nínú TGSS, àwòrán ojú ọ̀run tí GMRT yìí kan náà ti yà ní 150 MHz, ọ̀fẹ́ ni, gálásì méjì nínú mẹ́fà tí mo tò ò sí níbẹ̀ rárá, mo bá yọ wọ́n. Ká ní mo ti wò ó láti ọjọ́ kìíní, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ì bá ti kúrò lọ́rùn mi. Wákàtí 10 ni mo béèrè, ọjọ́ mẹ́ta ló kù tí mo fi ránṣẹ́.

Wọ́n fún mi ní mẹ́jọ. Mo pe màámi l'Óǹdó, mo ṣàlàyé pé díìṣì 30 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 45, gbogbo wọn ló máa jọ kọjú sí ibì kan náà. Màámi dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ lo sọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Aago márùn-ún ìdájí ti Íńdíà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago méjìlá àbọ̀ òru tiwa. Aago méjèèjì ti wà lójú fóònù mi báyìí, Pune lókè, Àkúrẹ́ nísàlẹ̀, epo sì ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì.