Òjò Tí Kò Rọ̀ Lórí Yín: Àṣìṣe Tí Àwa Ará Òṣogbo Máa Ń Ṣe Nídìí Òkè àti Odò

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ẹ ó ṣì bá wọn ní oríta Ọláìyá, wọ́n ń dúró de ẹnì kan tó ní òun ti wà lọ́nà. Kúlà ti wà nínú bọ́ọ̀sì, ìrẹsì ti wà, ẹ̀rọ orin ti ń ké. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń lọ, níbi omi Olúmirin tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní ipele-ipele. Kí wọ́n tó gba Iléṣà kọjá, kí wọ́n sanwó ìwọlé, kí wọ́n ya fọ́tò tó tẹ́ wọn lọ́rùn ní ipele àkọ́kọ́, oòrùn ti yí. Pípẹ́ kúrò nílé yìí ni mo kà sí àṣìṣe kìíní, òun ló sì ń bí púpọ̀ nínú àwọn tó kù.

Ipele méje ni omi Olúmirin ní. Èrò pọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni èrò ń dín, tí ọ̀nà sì ń le. Ẹni tó pẹ́ dé kì í gbà pé òun pẹ́. Á ní, "A ti dé ibí, ẹ jẹ́ ká kúkú parí ẹ̀." Ìsọ̀kalẹ̀ ló sì máa ń dá èèyàn ṣubú ju ìgòkè lọ: itan ti rẹ̀, orúnkún ń gbọ̀n, ọkàn ti lọ sílé. Láàárín aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí nǹkan bí aago méje ni oòrùn ń wọ̀ níhìn-ín, abẹ́ igi sì máa ń ṣókùnkùn ṣáájú. Àwa a máa dá aago méjì ọ̀sán: ibi yòówù ká dé, a ó yí padà. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa bínú sí òfin yìí lọ́dún kan. Ó dá nìkan lọ sókè, a sì fi iná fóònù wá a sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun gan-an ló ń ṣọ́ aago fún wa báyìí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti òjò tí ojú wa ò rí. Òkè lápá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ní ilẹ̀ Èkìtì, ni omi Olúmirin ti ń bọ̀. Òjò lè máa rọ̀ lọ́hùn-ún kí oòrùn máa ràn lórí ẹ̀yin tó wà nísàlẹ̀, kí àwọn ọmọdé máa ṣeré nínú adágún kékeré abẹ́ àpáta. Omi òjò náà á dé bá yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni Odò Ọ̀ṣun: Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe òjò Òṣogbo nìkan ló ń mú un kún.

Kí omi tó ya dé, ó máa ń fi àmì hàn. Omi tó mọ́ á dàrú, á pọ́n. Ewé àti igi wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá. Ìró rẹ̀ á yí padà. Tí ẹ bá dé etí omi, ẹ fi ojú sàmì sí òkúta kan tí orí rẹ̀ yọ. Tí omi bá ń bo òkúta náà, ẹ má dúró kó kúlà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kí ẹ gun ibi tó ga. Ẹ má tẹ̀ lé ipa omi sá lọ sísàlẹ̀, torí ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà, ọjọ́ òmìnira, ni èrò máa ń kún ibẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ oṣù náà ná! Àkókò ọyẹ́ ni àpáta gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n á ní omi kéré, fọ́tò ò ní dùn.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ ju orúnkún lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bí ó bá gbé yín, ẹ má gbìyànjú láti dìde dúró níbi tó ti ń sáré: ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, kí omi sì tẹ orí yín bọlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹsẹ̀ ṣíwájú, kí ẹ máa fi ọwọ́ tu ara yín sí ẹ̀gbẹ́.

Ti sílípáàsì, mi ò ní sọ púpọ̀. Orí àpáta tí ewédò ti bò á sọ ọ́ fún yín.

Tí àrá bá sán, ẹ kúrò lórí àpáta gbalasa, ẹ má sì lọ sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Ẹ jẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó padà. Tí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí apá náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Nílé níhìn-ín, àwọn kan ń mú Igbó Ọ̀ṣun bí ibi ìwẹ̀ àti ìpẹja. Igbó òrìṣà ni, hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005. A kì í pẹja níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í gé igi. Ẹ rìn, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Àdùnní Olóòrìṣà (Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria) àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ó tó. Omi Ọ̀ṣun náà ńkọ́? Ìwakùsà wúrà lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ ọ́ di omi ẹrẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti kìlọ̀ ní 2022 pé ká má mu ún. Omi adágún tó rọra dúró jẹ́ẹ́, tí ìgbín omi wà létí rẹ̀, náà ní tirẹ̀: kòkòrò inú rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé, ó sì lè sọ ìtọ̀ di ẹlẹ́jẹ̀. Ẹni tó bá rí i kó lọ ṣàyẹ̀wò, oògùn wà.

Ẹ fi orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, aago tí ẹ ó padà, àti nọ́ńbà ẹni tó ń mú yín gun òkè sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí lókè. Tí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù tí ẹ ò tíì pè é, òun ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í pè.