Kúlà olómi nínú kọ̀ǹpútà: bí a ṣe ń dè é, àti bí a ṣe ń wá ohun tó ń ṣe é

Omi kì í pa ooru tó wà nínú kọ̀ǹpútà, gbígbé ló ń gbé e. Ó ń gbà á lára CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, níbi tí pọ́ńpù tó ń ti omi kiri jókòó sí; ó ń gbé e gba inú rọ́bà lọ sínú rédíétọ̀, irin pẹlẹbẹ tí omi ń gbà kọjá kó lè tutù; fáànù á wá fẹ́ ooru náà dà sínú yàrá. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí ibi mẹ́ta péré ni wàhálà kúlà olómi sábà máa ń wà: ó lè jẹ́ pé ooru ò rọ́nà kúrò lára CPU bọ́ sínú omi, tàbí kí omi má rìn, tàbí kí afẹ́fẹ́ má rọ́nà gba ara rédíétọ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa ẹni tó yẹ kó rà á. Kò sí kúlà, ìbáà jẹ́ olómi tàbí aláfẹ́fẹ́, tó lè mú CPU tutù ju yàrá tó wà lọ. Bí yàrá yín ní Adó-Èkìtì bá wà lábẹ́ páànù tí oòrùn ọ̀sán ń lù, tí inú ilé ti tó dígírì 33, láti 33 yẹn ni kúlà yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣe ìṣirò owó, tó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò rẹ̀. Kúlà aláfẹ́fẹ́ tó dáa á tó o, bí fáànù rẹ̀ bá sì kú, kò ní ṣòro láti rí òmíràn nígboro. Ti olómi, bí pọ́ńpù rẹ̀ bá kú, odindi rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń yàwòrán 3D, tàbí tó ń gbá géèmù lórí CPU alágbára bíi Core i7, Core i9 tàbí Ryzen 9, owó rẹ̀ ò ṣòfò.

Kí ẹ tó sanwó

Rédíétọ̀ 240 ń gba fáànù 120mm méjì, 280 ń gba 140mm méjì, 360 ń gba 120mm mẹ́ta. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra 120 ẹlẹ́yọ kan. Kúlà aláfẹ́fẹ́ ńlá máa ń ṣe tó o, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Ẹ fi rúlà wọn àpótí kọ̀ǹpútà yín. Rédíétọ̀ 240 máa ń gùn tó 275mm nítorí orí àti ìdí rẹ̀, ó sì máa ń nípọn tó 27mm. Ẹ fi 25mm ti fáànù kún un, ó ti di 52mm. Bí RAM yín, àwọn káàdì ìrántí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, bá ga, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń fara gbún ara wọn.

Ẹ yẹ orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú tí CPU jókòó sí lára bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà, wò pẹ̀lú: LGA1700 ni ti CPU Intel ìran kejìlá sí ìkẹrìnlá, AM4 àti AM5 ni ti ọ̀pọ̀ Ryzen tí AMD ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ wà lára páálí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkìtì, láti Ìkẹjà ni wọ́n ti ń fi ọjà ránṣẹ́ sí wa, a ó lọ gbà á lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì, kò sì rọrùn láti dá a padà. Torí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya àwòrán páálí náà ránṣẹ́ kó tó dì í. Bó bá dé, ẹ fọwọ́ tọ́ ìdí rọ́bà méjèèjì níbi tí wọ́n ti wọ rédíétọ̀. Bí ibẹ̀ bá rin, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má gbé e sí kọ̀ǹpútà.

Dídè é

Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tú kúlà àtijọ́, kí paste, ìpara tó ń gbé ooru láti ara CPU bọ́ sára kúlà, tó ti gan lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá tú súkúrù tán, ẹ má fa kúlà àtijọ́ sókè. Ẹ máa yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Lórí AM4 ní pàtàkì, ẹni tó bá fà á gìdìgbà lè fa CPU jáde pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀. Ẹ wá fi isopropyl alcohol àti aṣọ tí kì í hu irun nu ojú CPU títí yóò fi máa dán.

Ti Intel máa ń nílò irin ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù tó bá kúlà wá. Ti AMD, irin ẹ̀yìn tó wà lára bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kúlà ń lò. Ike méjì tó wà lójú bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, nìkan lẹ máa tú. Ẹ fi ọwọ́ kan di irin náà mú látẹ̀yìn bí ẹ ṣe ń tú u, kó má já bọ́.

Ẹ so fáànù mọ́ rédíétọ̀ níta, kí ẹ tó gbé e wọ inú àpótí. Ojú tó ṣí sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé; ojú tí ọwọ́ ike ti di mọ́tò mú ló ń gbà jáde. Ẹ ṣọ́ra fún súkúrù o: gígùn ni ti fáànù, kúkúrú ni ti ara àpótí. Bí ẹ bá fi gígùn sí ojú kúkúrú, ẹnu rẹ̀ lè gún rédíétọ̀, omi á sì dà.

Ibi tí rédíétọ̀ máa wà ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Kò sí kúlà tí omi inú rẹ̀ kún dé ẹnu. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí omi máa ń gba ara rọ́bà sá lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tó ga jù ni afẹ́fẹ́ yìí á máa lọ jókòó sí. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ pọ́ńpù, pọ́ńpù á máa pariwo, á sì tètè kú. Òkè àpótí ló dáa jù, kí fáànù máa fẹ́ ooru síta. Bí òkè ò bá gbà á, ẹ gbé e síwájú, àmọ́ kí orí rédíétọ̀ ga ju pọ́ńpù lọ, kí ìdí rọ́bà sì wà nísàlẹ̀ bó bá gùn tó. Ẹ má gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí láé.

Ní báyìí, ẹ dojú pọ́ńpù sókè, kí ẹ wo ojú bàbà rẹ̀. Ọ̀rá tín-ín-rín kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ bó o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gé fídíò ní Adó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, pé CPU ń dé dígírì 100 kí Windows tó ṣí tán. Nígbà tí a tú u, paste ti tẹ́ pẹrẹsẹ sára ọ̀rá náà, lábẹ́ rẹ̀ ni ojú bàbà ń dán yanran bíi pé kò tíì kúrò nínú páálí. A bó ọ̀rá, a nu ojú CPU, a fi paste tuntun sí i; kò kọjá 72 mọ́ bó ti wù kí iṣẹ́ le tó.

Bí paste bá ti wà lójú bàbà láti ilé iṣẹ́ wọn, ẹ má fi òmíràn kún un. Bí kò bá sí, ẹ fún un sí àárín CPU, kó tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Ẹ gbé pọ́ńpù lé e tààrà, ẹ má gbé e sókè gbé e sílẹ̀ mọ́. Ẹ máa fún súkúrù ní igun sí igun tó kọjú síra, díẹ̀ níhìn-ín díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí gbogbo wọn á fi le dọ́gba.

Wáyà pọ́ńpù ń lọ sí ojú tí wọ́n kọ AIO_PUMP sí lára bọ́ọ̀dù. Ti fáànù ń lọ sí CPU_FAN. Àwọn pọ́ńpù kan wà tó jẹ́ pé lára wáyà SATA, tó ń ti ara páwà sọ́pláì wá, ni wọ́n ti ń gba iná, kí ẹ ka ìwé inú páálí. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Delete tàbí F2 láti wọ BIOS, ojú ètò tó ń ṣí ṣáájú Windows, ẹ fi pọ́ńpù sí eré tó pọ̀ jù. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa wo ooru. Bó bá dúró sójú kan, láàárín 35 sí 50, ẹ lè ṣí Windows.

Bí ooru ò bá dẹ̀

Ẹ gbé ètò kan tó ń jẹ́ HWiNFO sórí kọ̀ǹpútà náà, ó lè sọ ooru CPU àti eré pọ́ńpù. Pọ́ńpù tó ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 RPM, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá rí òdo, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ líle, bíi ti ètò ìdánwò Cinebench, kí ẹ wá wo bí ooru ṣe ń gòkè, torí bó ṣe ń gòkè ló máa sọ ibi tí àìsàn wà.

Bó bá fò dé 95 láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ wo pọ́ńpù, paste, ọ̀rá, tàbí súkúrù tí kò le. Bó bá ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú kó tó burú, omi ń gba ooru, rédíétọ̀ ni kò rí i tú dànù: eruku ti dí i, fáànù kọjú síbi tí kò yẹ, tàbí wọ́n ti gbé àpótí há sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ẹ má sì bẹ̀rù gbogbo nọ́ńbà. Wọ́n ṣe Ryzen 7000 kó lè máa ṣiṣẹ́ dé 95. Ọ̀pọ̀ Intel ìran kejìlá sókè ní 100 ni ààlà tiwọn.

Ẹ tún fọwọ́ kan rọ́bà méjèèjì. Omi Ìkógòsì, gbígbóná lápá kan, tútù lápá kejì, ẹwà ni fún wa; nínú kọ̀ǹpútà, àmì àìsàn ni. Nígbà tí omi bá ń rìn dáadáa, ìyàtọ̀ rọ́bà méjèèjì kì í ju dígírì díẹ̀ lọ, ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan bá ń jóni tí èkejì tutù, omi ò rìn. Pọ́ńpù ti kú tàbí nǹkan ti dí ojú ọ̀nà rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbọ́ bí omi ṣe ń ró kùtùkùtù, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ rọra fì àpótí síwá sẹ́yìn nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gòkè sínú rédíétọ̀. Bó bá ń padà wá lójoojúmọ́, omi ti ń tán. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ “CPU Fan Error” sójú tí kò sì ṣí, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lójú CPU_FAN. Ẹ ki wáyà fáànù bọ̀ ọ́.

Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kí ẹ máa tú eruku rédíétọ̀ lóṣooṣù. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ìka di fáànù mú bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ.

Bí ẹ bá rí omi nínú àpótí, ẹ yọ wáyà lára ògiri lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró pa Windows. Ẹ tú kúlà náà kúrò, ẹ fi tíṣù fa omi, ẹ fi isopropyl alcohol nu ibi tó kàn, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó tún iná kàn án. Ẹ má tú rédíétọ̀ láti bu omi sí i, torí wáráńtì máa ń bàjẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kan ń fúnni ní ọdún 5 tàbí 6. Ẹ wá rìsíìtì yín jáde kí ẹ sì kàn sí ẹni tó tà á.