Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ fún Ẹni tí Amóníà Máa Ń Pọ̀ Lára Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ilé

Bí ara bá fọ́ purotéènì, amóníà, tó lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá, ló ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́ di yúríà, kó lè bá ìtọ̀ lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n bí àìsàn mọ́, tí ẹ̀dọ̀ wọn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí tó. Urea cycle disorder ni àwọn dókítà ń pè é. Bí irú wọn bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ, ẹ bẹ̀rù ebi ju ọ̀bẹ lọ: ara tí ebi ń pa, tí wọ́n tún gé, ẹran ara rẹ̀ ló máa ń fọ́ jẹ, amóníà á sì lọ dé ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ kí dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn náà kọ ètò ìtọ́jú sílẹ̀ fún oníṣẹ́ abẹ àti ẹni tó ń fúnni lóògùn oorun. Ẹ ní kí wọ́n fi aláìsàn ṣe ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀. Gbàrà tí kò bá ti gbọ́dọ̀ jẹun mọ́ ni dírípù gúlúkóòsì 10% tó ní iyọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún àgbàlagbà, mílílítà 2 fún kílò kan ní wákàtí kan ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni kílò 60 á gba 120. Bí abẹ́rẹ́ dírípù bá yọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Sodium benzoate àti arginine, àwọn oògùn tó ń dín amóníà kù, kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣeé gbà gba iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè nípa dexamethasone tí wọ́n máa ń fúnni nítorí èébì, torí ó ń mú kí ara fọ́ purotéènì. Ondansetron sàn jù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn sínú ikùn, purotéènì lòun náà, àgàgà níbi iṣẹ́ abẹ ẹnu, ọ̀fun tàbí ikùn. Oògùn ìrora tó lágbára máa ń fa àìrígbẹ́yà, ìyẹn náà sì ń fi kún amóníà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ó bá ń bì, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ń kanra láìnídìí tàbí tó ń mí kíákíá, ẹ má gbà pé oògùn oorun ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ amóníà wò kíá. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà sí, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín ìṣẹ́jú 15; bó bá pẹ́, iye rẹ̀ á ga ju bó ṣe rí lọ. Síbẹ̀, bó bá ju 100 µmol/L lọ, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tún un yẹ̀ wò.

Bí wọ́n bá sì dá oúnjẹ purotéènì dúró, kó má ju ọjọ́ méjì lọ, torí ara á tún padà sórí ẹran ara rẹ̀. Bí amóníà bá ń gòkè láìka oògùn sí, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù. Ilé ìwòsàn tó bá ní in ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà.