Bí a ṣe ń ṣètò ìwọ́de lòdì sí gómìnà tó ń dojú ìjà kọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

Gómìnà tó fẹ́ pa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í pariwo rẹ̀. Á kàn ní kí wọ́n má yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù mọ́, bẹ́ẹ̀ Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ló ní kí agbanisíṣẹ́ máa yọ ọ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Tàbí kó fọ́n àwọn olóyè ẹgbẹ́ ká sí ìjọba ìbílẹ̀ tó jìnnà jù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ wọ́de lọ bá a, yálà l'Ágodi n'Ìbàdàn ni, l'Ókè-Mosàn l'Abẹ́òkúta tàbí l'Álágbàká l'Ákùúrẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìmúrasílẹ̀ ń gbà.

Orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ìwọ́de àti ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe ohun kan náà níwájú òfin. Abala 40 nínú ìwé òfin ọdún 1999 gbà wá láyè láti péjọ. Ìyanṣẹ́lódì ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ lọ́dún 2005: ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti la ọwọ́ àwọn onílàjà kọjá, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù sì ti dìbò fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ kòṣeémánìí kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ kò bá tíì ṣe ìwọ̀nyí, gbólóhùn bíi “a ó ti ilé iṣẹ́ pa” kò gbọ́dọ̀ sí nínú lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ni agbẹjọ́rò ìjọba ń wá.

Lẹ́tà sí kọmíṣánnà ọlọ́pàá: ẹ kọ “a ń fi tó yín létí”, ẹ má kọ “a ń tọrọ àyè”. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ní 2007, nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP àti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, pé ìwọ́de kò nílò ìwé àṣẹ. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 83, sì ní kí ọlọ́pàá pèsè ààbò bí wọ́n bá ti gbọ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ojú ọ̀nà àti iye èèyàn síbẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lu ú, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù, kẹ́ ẹ pa rìsíìtì mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ìgbà náà ni ìjọba lè sáré lọ gba àṣẹ ní Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ láìjẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2023, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ló dá ìyanṣẹ́lódì NLC àti TUC dúró lórí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù. Bí akódà bá mú un dé, ẹ má fà á ya. Ẹ kà á dáadáa: ṣé ìyanṣẹ́lódì nìkan ló kà léèwọ̀, àbí ìwọ́de pẹ̀lú? Bí ó bá kan ìwọ́de, ẹ dúró, kí lọ́yà lọ bẹ ilé-ẹjọ́ láti yí i padà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú ti sọ ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Fún èèyàn 500, ẹ wá olùtọ́nà 20, ìyẹn ẹnì kan fún èèyàn 25. Fìlà ẹgbẹ́ kò tó fi dá wọn mọ̀, jàndùkú náà máa ń dé e. Ẹ so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọwọ́ wọn, kẹ́ ẹ yan àwọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ tò ní mẹ́rin-mẹ́rin, kẹ́ ẹ gba ìdajì ọ̀nà péré: òfin 2005 yẹn náà ló ní a kò gbọ́dọ̀ dí ojú pópó. Páálí ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ fi okùn gbé e kọ́rùn. Igi tí wọ́n ń kàn mọ́ páálí ni ọlọ́pàá máa pè ní ohun ìjà. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ kọjá lójú páálí kan, nítorí ẹni tó wà nínú mọ́tò kò ní kà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi inú ọ̀rá méjì fún ẹnì kan já sí báàgì 50. Bí tajútajú bá dé, ẹ yà sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kẹ́ ẹ fi omi lásán ṣan ojú, ẹ má fọwọ́ ra á.

Àwọn olóyè kò gbọ́dọ̀ kó ara wọn jọ sójú kan kó tó di pé ìwọ́de bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2023, sẹkitéríàtì NLC ní Òwérì ni wọ́n ti gbé ààrẹ ẹgbẹ́ náà, Joe Ajaero, tí wọ́n sì lù ú. Ní Kàdúná ní oṣù karùn-ún 2021, El-Rufai tó jẹ́ gómìnà nígbà náà kéde pé òun ń wá Ayuba Wabba, ààrẹ NLC ìgbà náà. Ẹ yan igbákejì kejì àti ìkẹta, kí lọ́yà méjì sì wà nítòsí ṣùgbọ́n kí wọ́n má wọ aṣọ ẹgbẹ́.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ yín kò gbọ́dọ̀ kọjá ojú ewé méjì: iye owó ẹgbẹ́ tí wọn kò san, oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àti gbèdéke ọjọ́ 14. Gómìnà kì í sábà jáde. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí akọ̀wé ìjọba ló máa ń wá. Kó buwọ́ lu ẹ̀dà yín níwájú kámẹ́rà. Bí wọ́n bá ní kí alága dá wọlé fún ìpàdé, ẹ kọ̀ ọ́, èèyàn márùn-ún ni kó wọlé pọ̀. Bí alága bá dá wọlé, àní bí kò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀, àwọn tó dúró nínú oòrùn máa sọ pé ó ti gbà.

Nígbà tí ẹ bá ń tú ká, olùtọ́nà ló ń kẹ́yìn. Wọ́n á ṣa ọ̀rá omi nílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, torí fọ́tò ìdọ̀tí náà ni agbẹnusọ gómìnà á gbé síta lálẹ́.