Hítà tuntun dé, owó iná fò sókè: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí pípààrọ̀ storage heater

Ọ̀pọ̀ fúláàtì tí kò ní gáàsì ní Ìlú Ọba, storage heater ni wọ́n fi ń móoru. Bíríkì ló kún inú rẹ̀. Òru ni bíríkì náà ń gbóná, nígbà tí iná dínwó, kó tó wá máa tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò, ìṣòro tí wọ́n sì ń bá pàdé kò yàtọ̀ púpọ̀ síra.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. A yọ storage heater mẹ́ta, a fi panel heater pẹlẹbẹ rọ́pò wọn. Ẹni tó tà á fún wa ní kì í jẹ iná. Ní báyìí, owó iná wa ti di ìlọ́po méjì. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tà á fún yín ni kò tọ́. Lára àwọn hítà tó ń sọ iná di ooru fúnra rẹ̀, kò sí èyí tó ń ṣúnná ju èkejì lọ: iná kilowatt-hour kan (ìwọ̀n tí mítà fi ń ka iná), ooru kilowatt-hour kan, ì báà jẹ́ £40 ni ẹ rà á tàbí £400.

Àkókò tí ẹ ń lo iná ló yí padà. Storage heater ń bá ètò Economy 7 ṣiṣẹ́, èyí tó ti wà láti 1978. Wákàtí méje lóru, owó pọ́ọ́kú. Lọ́sàn-án, owó gọbọi, tó sábà máa ń wọ́n ju ti ètò tó ń gba iye kan náà tọ̀sán tòru lọ. Panel heater kì í fi ooru pamọ́. Ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ ti iléèwé dé ni ẹ ń tàn án, owó ọ̀sán ni mítà sì ń kà. Ká ní òru jẹ́ pẹ́ńsì 15, ọ̀sán jẹ́ 30: hítà 2 kilowatt tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà á jẹ 12 kilowatt-hour. Lóru, £1.80 ni, lọ́sàn-án, £3.60. Ẹ wá sọ ọ́ di hítà mẹ́ta.

Ẹ wo bílì yín. Bí oríṣi iye owó méjì bá wà níbẹ̀, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣírò ohun tí ẹ ó san bí ẹ bá bọ́ sí ètò oníye kan. Fún ẹni tí kò tíì ra nǹkan kan, storage heater ìgbàlódé ni mo fara mọ́ jù: ooru kì í tètè jò kúrò nínú rẹ̀, ó sì ní fáànù àti thermostat, èyí tó ń dá ooru dúró bí ilé bá ti gbóná tó. Ẹni tó ni ilé tirẹ̀ ní England tàbí Wales lè béèrè heat pump, ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti ìta wọ inú ilé, tí ìjọba ń fi £7,500 ràn án lọ́wọ́. Òun nìkan ló ń fúnni ní ooru tó ju iná tó jẹ lọ.

Ìbéèrè: Hítà tuntun mi kì í tàn àfi láàárín òru. Tó bá di aago mẹ́jọ àárọ̀, ó kú.

Ìdáhùn: Wáyà òru ni wọ́n so ó mọ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, wáyà méjì ló wà: ọ̀kan ń níná ní gbogbo ìgbà, èkejì ń níná lóru nìkan. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ kó gbé e sórí ti gbogbo ìgbà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà náà lè gbé e.

Ìbéèrè: A kò tíì yọ storage heater tiwa. Ilé ń gbóná janjan láàárọ̀, àmọ́ bí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, òtútù ni.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ná owó. Bọ́tìnnì méjì ló wà lórí rẹ̀. Input ń pinnu ooru tó máa gbà lóru, output ń pinnu bó ṣe máa yára tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yí méjèèjì dópin. Ẹ dá output padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó sùn, kí ẹ gbé e sókè tí ẹ bá dé nírọ̀lẹ́.

Bó bá jẹ́ pé kò gbóná rárá láàárọ̀, tàbí tó ń gba iná lọ́sàn-án gangan, ẹ wo mítà. Àwọn mítà àtijọ́ kan ń gba àṣẹ láti orí ìgbì rédíò BBC, láti 30 oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àṣẹ orí rédíò náà ní agbègbè kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín fi smart meter, mítà ìgbàlódé, rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ọkọ mi lè tú storage heater àtijọ́ fúnra rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn kan ní súìṣì méjì lára ògiri. Bí ẹ bá pa ọ̀kan, iná ṣì lè wà nínú èkejì. Bí ẹ bá sì jẹ́ ayálégbé, lándílọ́ọ̀dù tàbí kánsù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò nọ́ḿbà tó wà lára hítà náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ iná kó tó wá.