Ẹ Má Tíì Sanwó Pátákó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtò Ilé Ìkàwé

Láàárín ọdún méjì, ilé ìkàwé mẹ́ta ló pè mí ní agbègbè Ìkòròdú níbí, lẹ́yìn tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Ìsọ̀ títò àti pátákó ìjúwe ọ̀nà niṣẹ́ mi. Inú ìsọ̀ àwọn aláṣọ ní Sábó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó bọ́ sídìí ìwé. Ohun tó ń dùn mí ni pé àṣìṣe kan náà ni mò ń bá níbi gbogbo, owó olóore ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà to ìwé sórí pẹpẹ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin alábòójútó ilé ìkàwé ti mọ ìyẹn.

1. Kíkó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú oòrùn wọlé ò tíì ríran dáadáa. Ó ń nu òógùn, ó ń wá ibi tó máa gbé báàgì sí. Paco Underhill, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ìrìn àwọn oníbàárà nínú ilé ìtajà, ti fi yé wa pé ohun tí wọ́n bá gbé síbi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, èèyàn á kàn kọjá lára rẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n wá ń lẹ òfin mọ́: má jẹun, má sọ̀rọ̀, má gbé báàgì wọlé. Ìyá ẹlẹ́ja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kì í fi òfin ṣáájú àtẹ. Ẹja tó jọjú jù ló ń gbé síwájú, á sì kọ ojú rẹ̀ sí ẹni tó ń bọ̀.

2. Títo gbogbo ìwé kó jẹ́ ẹ̀yìn wọn nìkan ló ń hàn. Lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ìwé méjì tàbí mẹ́ta kí iwájú èèpo wọn kọjú síta. Ó tán.

3. Àlàfo tó há. Lámẹ́ríkà, òfin ni pé àárín pẹpẹ méjì ò gbọdọ̀ dín ní ìnṣì 36, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè kọjá. Tiwa ńkọ́? Mo ti rí ibi tí àgbàlagbà ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ wá ìwé ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń fara gbún un lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kẹta ò ní bá a níbẹ̀.

4. Pátákó. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, torí òun ló ń jẹ owó jù.

Orí ibi téèyàn ti dé tán ni wọ́n máa ń gbé pátákó kọ́ sí. Bí mo bá ti dúró níwájú ìwé ìtàn, mo ti mọ̀ pé ìwé ìtàn ni. Oríta ni mo nílò rẹ̀, níbi tí mi ò ti mọ̀ bóyá ọ̀tún ni kí n yà tàbí òsì. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkàwé mẹ́ta yẹn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ọlọ́dẹ láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nínú ẹni mẹ́wàá tó kọ́kọ́ wọlé, méje ló bi bàbá léèrè ọ̀nà, pátákó olówó gọbọi sì ń dán gbinrin lókè orí wọn. Ẹni kẹjọ, ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó dúró, ó fa okùn báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá pẹ̀yìn dà. Wọ́n ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ ni, àmọ́ ojú ń ti ọmọdé láti bi àgbà tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Títí dòní ni mo ṣì ń rí ẹ̀yìn ọmọ yẹn.

Ẹ wo bí àwa fúnra wa ṣe ń júwe ọ̀nà. Ní Àgbádárìgì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1845, kẹ́ ẹ tó yà. Ohun tójú ń rí látòkèèrè ni wọ́n fi ń júwe. Lọ́dún 1960, Kevin Lynch, onímọ̀ ètò ìlú ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ohun àmì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìlú yé ará ìlú. Nítorí náà, ẹ kun ògiri apá àwọn ọmọdé ní àwọ̀ kan tí kò sí níbòmíì. Ọ̀dà gálọ́ọ̀nù kan ṣe iṣẹ́ pátákó mẹ́fà.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ìwé náà tún wà níbẹ̀. Ètò tí Melvil Dewey, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1876, tó fún ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, dára fún ẹni tó ń to ìwé. Àmọ́ ọmọ Ìgbógbó tó ń wá ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé 896.333 lòun ń wá? Ẹ kọ orúkọ gàdàgbà, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀. Ilé ìkàwé kan ní Arizona pa nọ́ńbà náà tì pátápátá lọ́dún 2007, ó ń to ìwé bíi ti ilé ìtàwé. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má fi nọ́ńbà nìkan kí àlejò.

Ẹ sì fi àmì sórí Yorùbá yín! Mo bá "IWE OKO" lórí apá iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣé oko ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́, àbí ọkọ ilé? Àwọn ọmọ girama ń kà á sí èyí tó burú jù, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí fọ́ǹtì tí oníṣẹ́ ń lò bá ń sọ ẹ̀ di àpótí òfìfo, ẹ ní kó pààrọ̀ fọ́ǹtì náà. Ẹ má gbà kó yọ àmì kúrò.

Lẹ́tà ńkọ́? Kó ga ní ìnṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tí ẹni tó ń kà á bá fi jìnnà sí i. Ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 30 nílò lẹ́tà ìnṣì 3. Ẹ má lo ohun tó ń dán, wíńdò á tàn sí i.

Èmi náà ti fowó olówó ṣòfò rí. Ní Ẹ̀pẹ́, mo gé pátákó acrylic (ike líle) méjìlá, mo fi skúrù dè wọ́n mọ́ ògiri. Kò pé oṣù kan tí wọ́n sún pẹpẹ, pátákó mẹ́sàn-án sì di irọ́. Láti ìgbà náà, bébà ni mo kọ́kọ́ ń lẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ẹ́, ẹ ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí àwọn èèyàn bá ṣì ń bèèrè, ẹ sún un.

Àwọn tó kù ò gùn. Ilé ìtajà ń gbé búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ́ ẹ lè kọjá lára bisikíìtì. Ẹ má mú ọgbọ́n yẹn wọ ilé ìkàwé, ohun tí wọ́n ń wá jù ni kẹ́ ẹ gbé sítòsí. Ẹ má fi pẹpẹ gíga dí wíńdò, torí iná lè lọ nígbàkigbà.

Àti ilé ìtura. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi ọfà sí i. Kí ló dé tí ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n fi máa bi àgbàlagbà mẹ́rin kó tó rí i?