Bẹ́ ẹ ṣe lè fi òru kílọ́ọ̀bù àti ìtàn ilé yín ṣe ópẹ́rà queer ní London

Ópẹ́rà ni eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, queer sì ni ti àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bíìtì o. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí laptop tẹ́ ẹ to ìlù jọ, ìlù á ti dùn kọjá ààyè kí ọ̀rọ̀ tó dé, ẹ ó wá máa wá ibi tẹ́ ẹ máa há ọ̀rọ̀ sí. Ohùn àwọn ará ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ tan fóònù, ẹ gbé e sórí tábìlì níṣojú wọn, kẹ́ ẹ ní kí màmá tàbí ẹ̀gbọ́n màmá kì yín, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe dé London, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ òde ijó nígbà yẹn, ta ni wọ́n ń bá jó. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́ lójijì, tàbí tí wọ́n ṣàdédé bi yín pé ṣé ẹ ti jẹun, ẹ kọ ìṣẹ́jú ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa rí orin kọ.

Ẹni tó bá ní ópẹ́rà kì í ṣe tiwa, ẹ má dá a lóhùn jàre. Dúró Ládiípọ̀ gbé ópẹ́rà Yorùbá ẹ̀, Ọba Kò So, lọ Berlin ní 1964, tòun ti bàtá. Orin house tí wọ́n ń jó ní kílọ́ọ̀bù náà ńkọ́? Àwọn ọkùnrin dúdú àti Látìnò tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jó o dàgbà ní Warehouse, kílọ́ọ̀bù kan ní Chicago, níbi tí Frankie Knuckles ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe DJ ní 1977. Àtibí àtọ̀hún, ó bá wa tan.

Ẹ jẹ́ kó rìn bí òru kílọ́ọ̀bù ṣe ń rìn: ìlà níta, ẹnu ọ̀nà, ìgbà tí ilẹ̀ ijó ṣì ṣófo, ìgbà tó kún fọ́fọ́, ìgbà tí wọ́n tan iná tójú kálukú wá hàn. Ìlù lè bẹ̀rẹ̀ ní 118 BPM (iye ìgbà tí ìlù ń dún nínú ìṣẹ́jú kan), kó gun 126, kó wá já wálẹ̀. Wákàtí kan ti tó, ẹ jọ̀ọ́. Bouncer tó ń bèèrè ID àti bàbá tó ń bi àfẹ́sọ́nà ọmọ ẹ̀ pé "ọmọ ta ni ẹ́?", ẹnì kan náà ni kó ṣe méjèèjì, ohùn orin kan náà, ọ̀rọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ yí.

Orin Yorùbá tó bá ta ko àmì ohùn, àwọn àgbà á kàn máa wojú ara wọn ni, torí náà ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu kẹ́ ẹ tó fi orin sí i. Ohùn olópẹ́rà máa ń lágbára gan-an ní nǹkan bíi 3000 Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), ẹ dín synth (dùùrù oníná) àti hi-hat (ìlù onírin tó ń dún ṣí-ṣí) kù níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìsàlẹ̀ pátápátá sílẹ̀ fún kick (ìlù ńlá tó ń dún gbì-gbì). Níbi tí ìtàn bá ti pọ̀, ẹ yọ kick kúrò ráúráú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín tí gbogbo ilé mọ̀ pé kò níyàwó, tí "ọ̀rẹ́" ẹ̀ ń bá a gbé, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dárúkọ ẹ̀ lórí ìtàgé tí ò bá gbà. Òfin 2014 ní Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá kílọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀, torí náà ohùn ẹni tó wà ní Nàìjíríà ò gbọ́dọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kódà tó bá gbà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tún un sọ. Gángan ni mo fẹ́ràn jù fún èyí. Kí olórin dákẹ́, kí onílù fi oríkì bàbá yẹn lù, ẹni tó bá gbọ́ ìlù á gbọ́, àwọn tó kù á máa jó lọ.

Lọ́jọ́ eré, ẹ kó àga kúrò láàárín, ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fáwọn àgbà, kó jìnnà sí sípíkà. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rọ̀ orin sára ògiri gàdàgbà. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kí màmá lè rí tréènì wọ̀ padà sí Peckham, ẹ̀yin tó kù lè wá jó di ìdájí.